Ìrépé Aṣọ Pupa

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Olóorun Ọ̀sán mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú àárò mi, tí o bá ń ṣàárò mi rárá. Ara mi le. Eékún mi nìkan ló ń bá mi jà, òun náà sì ti mọ̀ pé mi ò ní gbà fún un.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo gbé omi tíì kaná, mo jókòó láti kà á, mo kà á tán kí omi tó hó. Ìlà mẹ́sàn-án! Mo kà wọ́n. Ìkíni ló wà lókè, "ọmọ yín" ló wà nísàlẹ̀, gbogbo ohun tó wà láàárín kò ju ojú ọjọ́ lọ. Ṣé ojú ọjọ́ ni mo bí ni?

Má sọ fún mi pé a máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lórí fóònù, ìwọ á ní "mo wà dáadáa, Màmá", èmi náà á ní "mo wà dáadáa", a ó sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni méjì tó pàdé lórí ìlà níwájú báńkì. Inú lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rí ààyè jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe bi mí pé iṣẹ́ kí ni ọmọ mi ń ṣe níbi tó wà. Mo ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ó ní ṣé ó ń tún un ṣe ni? Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ń tà á ni? Mo ní rárá. Ó wá ń wò mí bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ọdún márùn-ún tí o ti lọ, mi ò lè sọ iṣẹ́ ọmọ mi fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe! Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kó yé mi, kí n lè kà á sí i létí.

Ní tèmi, oṣù mẹ́jọ ló kù tí n ó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé ìwòsàn yìí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan ò sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju pé kí n fi kọ́kọ́rọ́ yẹn lélẹ̀ bí mo ṣe gbà á, láìlábùkù. Ọ̀gá tuntun ti dé sí ọ́fíìsì alákòóso. Ọmọ kékeré ni, ó sì kàwé, ṣùgbọ́n "ẹ̀rọ kì í purọ́" ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀. A ti ń pè é ní Ẹ̀rọ-ò-purọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi àti ẹ̀rọ ò ní ìjà o. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ní kọ̀ǹpútà ni ká máa fi béèrè ẹrù, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ilẹ̀kùn ilé mi. Mi ò tilẹ̀ ń wojú rẹ̀ mọ́.

Kọ̀wé o. Ó gbọ́dọ̀ ju ìlà mẹ́sàn-án lọ.

Ìyá rẹ,
Ìyá Sítọ́ọ̀


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kìíní

Màmá mi, Ìyá Sítọ́ọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjà eékún. Ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́sàn-án yẹn dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Ẹ má bínú.

Ìkùukùu ti bo gbogbo ìta láti àárọ̀. Láti fèrèsé ọ́fíìsì wa, mi ò rí ilé tó wà ní òdìkejì, àwọn iná rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, tí wọ́n ń léfòó láìsí ògiri tó gbé wọn dúró. Irú ọjọ́ báyìí máa ń mú oorun ọ̀sán wá. Orúkọ tí ẹ sọ mí ṣì ń ro mí.

Iṣẹ́ mi rèé. Iléeṣẹ́ wa ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá: ilé ìkẹ́rùsí, ilé ìwòsàn, ibi tí wọ́n ti ń kó ọjà sínú ọkọ̀. Ètò mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú sì ṣe é bó ṣe wù ú. Bọ́tìnnì tí a máa ń tẹ̀ láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní àwọ̀ ewé nínú ọ̀kan, ó ní àwọ̀ aró nínú èkejì. Nínú ọ̀kan ó wà lápá òsì, nínú òmíràn ó wà lápá ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ tó bá kúrò nínú ètò kan bọ́ sínú òmíràn á wá dà bí ẹni tó wọ ilé onílé, tó ń fọwọ́ pa ògiri kiri, tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná.

Iṣẹ́ àwa márùn-ún ni pé ká fi òpin sí i. A ní nǹkan kan tí ẹ lè pè ní àpótí. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àwọ̀ díẹ̀ tí a fẹnu kò lé lórí, bí a ṣe ń kọ déètì, àti bí a ṣe ń kìlọ̀ fún ènìyàn. Ìwé kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó sọ ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi rí bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá dé lọ́la má baà bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú àpótí yẹn ni ètò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti ń mú ohun tí wọ́n ń lò. Tí mo bá tún bọ́tìnnì inú àpótí ṣe lónìí, yóò yí padà níbi gbogbo tí àwọn ènìyàn ti ń lò ó.

Màmá, sítọ́ọ̀ yín ni. Mi ò tíì sọ ọ́ fún yín rí. Nígbà tí mo bá ti iléèwé dé, orí òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń sùn sí, òórùn sítáàṣì àti kàfúrà á gba imú mi, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan á gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, eruku á máa rìn nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, sítọ́ọ̀ tí kò ní fèrèsé ṣókùnkùn biribiri, nọ́ọ̀sì kan sì sáré dé, ó fẹ́ ìbọ̀wọ́ àti òwú. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín nìkan. Ẹ ò tilẹ̀ rìn kíákíá. Ẹ na ọwọ́, ẹ mú ìbọ̀wọ́. Ẹ na ọwọ́, ẹ mú òwú. Ẹ ní, "Ohun kan, ààyè kan. Ọwọ́ tó bá ti mọ̀nà kò nílò ojú." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri dé ibí. Òun ni mo fi ń jẹun.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ mi tó tóbi jù máa jáde. Nínú ètò mẹ́sàn-án wa, apá ọ̀tún ni "Fi ránṣẹ́" wà, apá òsì ni "Fagi lé e" wà. Nínú márùn-ún yòókù, òdìkejì ni. Mo ti yí márùn-ún náà padà kí gbogbo wọn lè bára mu. Èmi ni mo dá a lábàá, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní tó bá lọ geerege, èmi ni wọ́n máa fi ṣe olórí ikọ̀ wa lóṣù karùn-ún. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.

Ẹ sọ fún oní-rédíò pé ìyá sítọ́ọ̀ ni ọmọ yín náà, pé ẹrù tirẹ̀ kàn ń gbé inú kọ̀ǹpútà ni.

Ọmọ yín,
Olóorun Ọ̀sán


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Olóorun Ọ̀sán mi,

O kú ìrètí. Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi pẹ́. Tìrẹ dùn mọ́ mi débi pé mo kà á fún oní-rédíò lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Áà, iṣẹ́ gidi mà ni!" bí ẹni pé mo ti ń purọ́ tẹ́lẹ̀. Mo fi ayọ̀ yẹn rìn fún ọjọ́ mélòó kan.

Jókòó, ọmọ mi. Nǹkan ò dáa.

Láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹrù tí mò ń béèrè láti ilé ìkẹ́rùsí àgbà ò dé mọ́. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni mò ń ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́rin: aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọgọ́rin, ìbọ̀wọ́ ogún páálí, òwú, ọṣẹ. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ funfun bó ṣe máa ń mọ́, mo dìde lọ mu omi. N kò rí ẹrù. Mo rò pé awakọ̀ ló ń fi iṣẹ́ ṣeré. Mo bú u, ọmọ ọlọ́mọ, kò ṣẹ̀ mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, aṣọ tán ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn dùbúlẹ̀ lórí fóòmù lásán. Mo kó ìborùn mi àti aṣọ tábìlì ọ́fíìsì lọ síbẹ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó sàn kó bú mi.

Bí Ẹ̀rọ-ò-purọ́ ṣe pè mí nìyẹn. Ó tẹ ìwé kan jáde, ó gbé e síwájú mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, déètì sì wà níbẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: ó fagi lé e, ó fagi lé e, ó fagi lé e. Ìgbà márùn-ún! Mo ní mi ò fagi lé nǹkan kan, mo ní mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́." Wọ́n ti fún mi ní kúẹ́rì. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí lọ́jọ́ ogún oṣù karùn-ún. Ó fohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé bóyá ó yẹ kí n tètè lọ sinmi nílé, pé àgbà ti dé. Mo fẹ́ gbá a létí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni rèé, má sì sọ ọ́ fún àǹtí rẹ. O rántí ìyá mi. O kéré nígbà yẹn, ṣùgbọ́n o rántí pé ó máa ń fi iyọ̀ sínú tíì, tó sì máa ń búra pé ṣúgà lòun fi sí i. Bí àrùn ìgbàgbé rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Mo ṣe é," òun nìkan ló mọ̀ pé òun ṣe é. Ní báyìí, tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń pe orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ sítọ́ọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti mọ̀ bóyá ọ̀kan ti jábọ́ lórí mi. Kò tíì sí èyí tó jábọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo sùn díẹ̀ lórí àga lọ́sàn-án àná, mo lálàá pé mo wọ sítọ́ọ̀, gbogbo pẹpẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ọwọ́, wọ́n á rọra sún sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi tó ń kúrò ní èbúté. Mi ò rí èyí tí mo mú.

Mo ti ya ojú kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn ìwé yìí, bó ṣe wà gan-an. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Bá mi wò ó. Ṣé orí mi ni?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Orí yín pé. Mo kọ ọ́ sókè níbí kí ẹ tó ka nǹkan mìíràn. Orí yín pé pérépéré, ẹ má pe orúkọ òwú àti ọṣẹ lójú ọ̀nà mọ́.

Mo ti sọ fún yín lórí fóònù lánàá pé kí ẹ máa tẹ apá ọ̀tún, pé n ó kọ̀wé sọ ìdí rẹ̀. Ẹnu mi wúwo ni. Ohun tí mi ò lè fẹnu sọ ni mo fẹ́ kọ yìí.

Mo yí ẹ̀yìn ìwé yín padà, mo rí ẹyẹ kékeré tí ẹ yà sí igun òkè. Àmì iléeṣẹ́ wa ni. Ètò wa ni ẹ ń lò, Màmá. Ọ̀kan ni lára márùn-ún yẹn. Láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gbé e dé iwájú yín, mi ò béèrè lọ́wọ́ yín rí pé kí ló wà lójú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ò mọ iṣẹ́ mi, ẹ wí i, ẹ sì béèrè. Èmi náà ò mọ ti yín, mi ò sì béèrè.

Èmi ni mo gbé bọ́tìnnì yín kúrò níbi tí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. A jẹ kéèkì. Ibi tí "Fi ránṣẹ́" wà tẹ́lẹ̀ ni mo gbé "Fagi lé e" sí, ọwọ́ yín sì ń lọ síbi tó mọ̀. Tí ènìyàn bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ojú rẹ̀ á mọ́ funfun. Tó bá fagi lé e, ojú rẹ̀ á mọ́ funfun bákan náà. Kò sí ẹni tó rò ó pé ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Èmi ló yẹ kí n rò ó.

Ẹ fi lẹ́tà yìí han ọ̀gá yín. Ẹ sọ fún un pé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ ò purọ́, pé ó kàn dákẹ́ ni, àti pé ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́ ni mí.

Lójú gbogbo ènìyàn, ẹ̀yin lẹ gbé àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn lé fóòmù lásán, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é. Mi ò mọ bí mo ṣe lè tọrọ àforíjì èyí. Mo ń tọrọ rẹ̀ ṣá.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pè yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè mẹ́ta, fóònù ń dún, ẹ ò gbé e. Àǹtí ní ara yín le, ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, pé ẹ kàn ní kí wọ́n má pe orúkọ mi sí yín létí ni. Mo gbà. Ẹjọ́ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kàn ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí. Mo lọ bá ọ̀gá wa, obìnrin tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó gbọ́ mi, ó ní àwọn ènìyàn máa mọ̀ ọ́n tó bá yá, pé ẹnikẹ́ni ò tíì pariwo. Mo gbé àwòrán yín síwájú rẹ̀. Mo sọ pé ìyá mi ló yà á, mo sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà.

A wá yẹ ìwé wò. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, iye ohun tí àwọn ènìyàn ń fagi lé nínú ètò márùn-ún yẹn ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ní sítọ́ọ̀ púpọ̀, ní ọ́fíìsì púpọ̀, Màmá. Kò sì sí ẹni tó pariwo, nítorí pé kálukú wọn ló ń rò pé ẹ̀bi òun ni. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo àwọn nọ́ńbà náà, mo sì ń rí àwọn àgbà obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹrù lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

A ti kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn tó ń lo ètò náà. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi sí i, wọ́n sì fi sí i. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn ṣe olórí ikọ̀. Mi ò ní parọ́ pé kò dùn mí. Mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo bọ́jú, mo padà sídìí iṣẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, òjò ń rọ̀ winniwinni, mo sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì. Mo bá ara mi lórí òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì yín. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, eruku ń rìn nínú rẹ̀, ẹ̀yin ń kọrin láìlanu. Mo na ọwọ́ sí pẹpẹ kẹta, mo fẹ́ mú báńdéèjì. N kò bá báńdéèjì níbẹ̀. Aṣọ kan ló kàn mí lọ́wọ́, kékeré, ó rọ̀. Ẹni tó jókòó tì mí jí mi nítorí pé ọwọ́ mi wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà náà ni mo rántí. Ìrépé aṣọ pupa! Nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé nǹkan kúrò láyè rẹ̀ nínú sítọ́ọ̀, ẹ máa ń so ìrépé aṣọ pupa kan mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì fi í síbẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Mo bi yín pé kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ ní, "Mo ti sọ fún wọn. Etí wọn ló gbọ́, ọwọ́ wọn ò gbọ́. Ibi tí ọwọ́ mọ̀ ló ń lọ, jẹ́ kó bá nǹkan níbẹ̀." Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo kó dání kúrò nílé. Èyí nìkan ni mo gbàgbé, òun ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ dì.

Mò ń ṣe nǹkan kan lọ́wọ́. Mi ò ní sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé. Ẹ bú mi nínú rẹ̀ tó bá wù yín. Ìlà mẹ́sàn-án péré tó mi.

Ọmọ yín,
Olóorun Ọ̀sán, tí ẹ bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Olóorun Ọ̀sán,

Mo ti gba lẹ́tà méjèèjì. Mo kà wọ́n. Ìlà mẹ́sàn-án ò lè gba ohun tí mo ní í sọ.

Inú bí mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe nítorí kúẹ́rì, àwọn tó jù mí lọ ti gba kúẹ́rì. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ń fi ahọ́n tọ́ ṣúgà wò kí n tó fi sínú tíì. Èmi! Mo ti ń ro ẹni tí yóò máa wẹ̀ mí. Nígbà tí lẹ́tà rẹ wá dé pé orí mi pé, ó yẹ kí n jó. Mo fi orí lé tábìlì, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, ìwọ ni mo rí níbẹ̀. Ìdí tí mi ò fi gbé fóònù nìyẹn. Mo mọ̀ pé ohùn rẹ máa mú mi dárí jì ọ́ kí ìbínú tó tán nínú mi, mo sì fẹ́ bínú dáadáa. Mo ti bínú tán.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Èmi ò fi lẹ́tà rẹ hàn wọ́n, kì í ṣe ọmọ mi ni mo máa fi gba ara mi sílẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ síbi òkú, mo ti múra sílẹ̀ láti kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Àṣé lẹ́tà iléeṣẹ́ yín ti dé ọwọ́ Ẹ̀rọ-ò-purọ́ láti àárọ̀. Ó dìde, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á sókè pé ẹ̀bi kì í ṣe ti òṣìṣẹ́, ti ẹni tó gbé bọ́tìnnì ni. Ó kà á dé ibi orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ó dákẹ́. Ó wo orúkọ náà, ó wojú mi, ó tún wo orúkọ náà. Ó jókòó. Wọ́n ti gba kúẹ́rì wọn padà. Ó ní òun tọrọ gáfárà, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà, Ẹ̀rọ-máa-ń-dákẹ́ ni wọ́n ń pè é báyìí. Ó ṣe mí láàánú díẹ̀.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti dé, igba. Èmi fúnra mi ni mo tẹ́ ti wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì bá mi di etí kejì mú, a sì jọ tẹ́ ẹ láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n dídákẹ́ tọ̀tẹ̀ yìí dára.

Ọ̀rọ̀ ipò olórí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ dùn mí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ rẹ á tó o, nígbà tó bá yá.

Nísinsìnyí, gbọ́ èyí tí mo fi mú bírò gan-an.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo dé sítọ́ọ̀ ní kùtùkùtù. Ilẹ̀ ti mọ́ ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì gòkè, ìrì ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lóṣù kẹsàn-án ti ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kọ ohun tí mo fẹ́, aṣọ, ìbọ̀wọ́, òwú, ọṣẹ. O mọ̀ pé láti oṣù kẹrin ni mo ti ń rán ara mi létí pé apá ọ̀tún ni. Ṣùgbọ́n oorun ṣì wà lójú mi díẹ̀, mo ń ro nǹkan mìíràn, ọwọ́ mi kàn dìde fúnra rẹ̀, ó lọ sápá òsì.

Kò bá "Fagi lé e" níbẹ̀ mọ́. Ìrépé aṣọ pupa kékeré kan ló bá, etí rẹ̀ rí wúruwùru bí èyí tí mo fi eyín ya. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé: "Mo ti kúrò níbí. Apá ọ̀tún ni mo wà." Ẹrù tí mo kọ ṣì wà lójú rẹ̀ pé pérépéré, ọ̀kan ò nù.

Ó dà bí ẹni pé mo gbọ́ mímí ọmọ kékeré kan lórí òkìtì aṣọ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnìkan.

Ọmọbìnrin náà ní, "Màmá, kí ni pupa yìí?"

Mo ní, "Ọmọ mi ló so ó síbẹ̀."

Mo tẹ apá ọ̀tún.

Mo mọ̀ pé oṣù kan ni mo kọ́ ẹ. Má tú u tó bá pé oṣù kan. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí n ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀.

Ìyá rẹ,
Ìyá Sítọ́ọ̀